PÉPÀ KỌ́ NI YÓÒ SỌ ẸNI TÍ A JẸ́

Bíbélì Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 22:25-29, Fílípì 3:20

 

Nínú ibi tí a kà yìí, wọ́n ti de Pọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, pàṣán ló kù. Ó béèrè bóyá ó tọ́ láti na ọmọ Róòmù tí a kò tí ì dá lẹ́bi. Lójú kan náà ni ẹ̀rù ba olórí ogun. Ẹ ò rí i pé pépà dára? Ó gba Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́ pàṣán. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ní kí a má wá pépà. Ẹ wá a, ní ọ̀nà òtítọ́. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé pépà ni yóò sọ ẹni tí a jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára àwọn ará Íńdíà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà yìí ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí a bá rí wọn lónìí tí wọ́n jẹ́ dókítà tàbí tí wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì, a máa ń rò pé ọ̀nà wọn tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Bhagat Singh Thind, ẹlẹ́sìn Sikh láti Punjab, dé ní 1913. Ní 1918 ó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ó sì sìn wọ́n pẹ̀lú láwàní lórí. Ní 1920 adájọ́ kan ní Oregon sọ ọ́ di ọmọ ìlú. Ìjọba kò gbà. Òfin ìgbà náà fi àyè sílẹ̀ fún aláwọ̀ funfun àti fún ẹni tí ó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà. Ní 1923 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé Thind kì í ṣe funfun. Bí wọ́n ṣe gba pépà rẹ̀ nìyẹn. Ọdún 1936 ni ó tó rí i gbà padà. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ìgbàgbọ́ tí ó kó láti ilé, ilé ẹjọ́ kankan kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdájọ́ yẹn kan Vaishno Das Bagai náà. Ní 1915 òun, ìyàwó rẹ̀ Kala, àti ọmọkùnrin wọn mẹ́ta dé San Francisco. Nígbà tí wọ́n ra ilé ní Berkeley, tí wọ́n kó ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, àwọn aládùúgbò ti ti ilé náà pa kí wọ́n má bàa wọlé. Ó di ọmọ ìlú ní 1921. Lẹ́yìn ìdájọ́ 1923, wọ́n gbà á padà. Ó pàdánù ohun ìní rẹ̀. Ó fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé ní Íńdíà, wọn kò fún un ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà. Ní 1928, ìbànújẹ́ borí rẹ̀, ó pa ara rẹ̀.

Èmi kò sọ ìtàn yìí láti dá a lẹ́jọ́. Mo sọ ọ́ kí a lè rí bí ọ̀rọ̀ pépà ti lè wúwo tó lórí ẹni tí ó ń dá nìkan gbé e.

Kala rán àwọn ọmọ náà lọ sí ilé ìwé gíga. Òfin yí padà ní 1946, àwọn ará Íńdíà sì lè di ọmọ ìlú. Obìnrin tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ yìí ni ó wá ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn àlejò láti Íńdíà. Lónìí, òpópónà kan ní Berkeley, ìlú kan náà yẹn, ń jẹ́ Kala Bagai Way.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ọwọ́ ènìyàn fún ni, ọwọ́ ènìyàn lè gbà á. Pọ́ọ̀lù ọmọ Róòmù yìí kan náà, inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì. Ó rán wọn létí pé wọ́n ní ìlú kan lókè, níbi tí Olùgbàlà wọn wà. Kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lè pa orúkọ rẹ́ níbẹ̀.

Nígbà náà, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé “Ṣé ó ti ní pépà?” ni a kọ́kọ́ ń béèrè bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fẹ́ ọmọ wa? Kí ló dé tí ẹni tí kò ní fi ń yọ́ jáde kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi í léèrè? Àwa náà ń ti ilẹ̀kùn nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa pe ẹnì kan tí a kò rí mọ́. Má bi í nípa pépà. Bi í bóyá ó ti jẹun, bi í nípa àwọn ará ilé. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, bá a dé ọ̀dọ̀ lọ́yà tòótọ́, kí o sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Ìwọ tí ayé ti sú, má dá nìkan jókòó. Pe pásítọ̀, pe àwọn ìyá ìjọ, ìbáà jẹ́ òru.

Kí Olúwa tí ó mọ̀ wá ní orúkọ ṣe wá ní ilẹ̀kùn ṣíṣí fún ara wa. Àmín.