Ẹrù Esekiẹli

Kíkà: Esekiẹli 12:1–11

Lójú ọ̀sán gangan ni wòlíì Esekiẹli kó ẹrù rẹ̀ síta, níṣojú gbogbo àdúgbò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fọwọ́ dá ògiri lu, ó gbé ẹrù lé èjìká, ó bo ojú, ó gba ibẹ̀ jáde. Kò wàásù, kò ṣàlàyé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí Ọlọ́run tó bi í léèrè bóyá àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ti bi í pé kí ló ń ṣe.

Ká ní Ikotun ní Èkó ló ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ayálégbé tí lánlọ́ọ̀dù ti fún níwèé pé kó kó jáde á ní wọ́n ti lé tọ̀hún náà nìyẹn. Ìyá tọ́mọ rẹ̀ ti dé òkè òkun á ní ó fẹ́ já pa ni. Bàbá tó bá rántí ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní káwọn ará Gánà máa lọ, àpò Ghana-Must-Go ló máa rí. Ẹrù kan náà ni o.

El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gánà tó kọ́ni ní yunifásítì Nsukka láti 1975 títí di 2011, mọ ọ̀nà à ń fi nǹkan hàn láìṣàlàyé yìí dáadáa. Ìdérí ìgò ọtí, irú èyí tí ẹsẹ̀ tẹ̀ wọnú ilẹ̀ níwájú ilé ọtí Egbeda, ló ń tẹ̀ pẹrẹsẹ, tó ń fi wáyà bàbà so pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí yóò fi rọ̀ bí aṣọ. Kì í sì pàṣẹ bí wọn yóò ṣe fi kọ́. Àwọn tó gbà á ló ń ṣẹ́ ẹ po bó ṣe bá ògiri wọn mu. Ẹnì kan rí aṣọ òkè níbẹ̀, ẹlòmíì rí máàpù, ẹlòmíì rántí ọtí táwọn òyìnbó fi ra ènìyàn. Ní 2015, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Venice Biennale fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà.

Àjèjì kọ́ lèyí jẹ́ fún wa. Àrokò owó ẹyọ mẹ́fà dé: ọkàn mi fà sí ọ. Bí mẹ́jọ bá padà lọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹni tó gbà á ló máa rò ó.

N kò ní kí oníkálukú máa túmọ̀ Ọlọ́run bó ṣe wù ú. Ìtumọ̀ ẹrù Esekiẹli wà: ọmọ aládé Jerusalẹmu ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí ó rú wọn lójú. Àwa ńkọ́? A kò tíì jí lójú àlá tán tí a ti ń pe pásítọ̀ lórí fóònù.

Lónìí, bí ẹ bá ń kọjá lẹ́bàá ààtàn Solous ní Igando, ẹ má kàn di imú. Ẹ wo àwọn tó ń fi irin họ ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣà. Ẹ bi Olúwa pé kí ni èyí ń sọ fún mi. Ẹ kọ ohun tó bá wá sí yín lọ́kàn sílẹ̀, ẹ má sì tíì fi han ẹnikẹ́ni.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní sùúrù láti wò kí n tó béèrè. Àmín.