Ṣe Bó O Ti Mọ, Ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n

Òru mẹ́ta gbáko ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi gba géèmù Grand Theft Auto V sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tó rà. Dátà òru ló rà, torí òun ni kò wọ́n. Nígbà tó parí, tó tẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí, fáànù inú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Àwòrán yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin inú géèmù náà ń gbé ẹsẹ̀ kan lónìí, ó ń gbé ìkejì lọ́la. Ọmọ náà pè mí: “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá wo nǹkan yìí, ó jọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi o.” Mo wò ó síwá sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kò ṣe é ní nǹkan kan. Òun ló ṣe kọ̀ǹpútà.

Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn tó ṣe géèmù yìí kò fi ohun tó ń jẹ pa mọ́. Nígbà tó jáde fún kọ̀ǹpútà lọ́dún 2015, wọ́n kọ ọ́ síta pé, ó kéré tán, ó fẹ́ RAM 4GB, àyè 65GB lórí hard disk, processor tó ní core mẹ́rin bíi Core 2 Quad Q6600, àti káàdì àwòrán tó ní ìrántí 1GB tirẹ̀. Oúnjẹ kó má bàa kú nìyẹn. Kó tó yó, ó fẹ́ RAM 8GB, káàdì 2GB àti Core i5.

Core i5 yìí ló tan ọmọ náà jẹ. Ó ní, “i5 ni wọ́n kọ, i5 ló wà lára tèmi.” Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. i5-3470 ni wọ́n béèrè, ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tó ní core mẹ́rin. i5-2520M ti ọdún 2011 ló wà nínú tirẹ̀, core méjì péré ló ní. Ti káàdì àwòrán tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí níbẹ̀ rárá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: processor ń ṣe ìṣirò, káàdì ń ya àwòrán, àwọn méjèèjì ló ń gbé géèmù ró. Nínú kọ̀ǹpútà yìí, inú processor náà ni wọ́n fi ayàwòrán há sí, Intel HD 3000, tí kò ní ìrántí kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ara RAM 4GB tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà ló ti ń yá jẹ. Àgbàlagbà ń na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó tún ń fi tipátipá ki ọwọ́ kan náà bọ kèrègbè.

Gbogbo èyí, ìṣẹ́jú méjì ti tó láti mọ̀ ọ́n. Tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, kọ dxdiag, tẹ Enter. Processor, RAM, àti bóyá Windows rẹ jẹ́ 64-bit, á yọ lójú ewé àkọ́kọ́. Ewé tí wọ́n kọ Display sí lá sọ irú ayàwòrán tó wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì lọmọ yìí fi òru mẹ́ta rọ́pò.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. dxdiag kò ní sọ fún ẹ pé eruku ti dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà, tàbí pé orí ìrọ̀rí lẹ́nìkan ń gbé kọ̀ǹpútà lé. Bí processor bá ti gbóná kọjá ààlà, fúnra rẹ̀ lá rọra máa falẹ̀ kó má bàa jóná. A tú ìdí kọ̀ǹpútà náà, eruku tó jáde níbẹ̀ kún ṣíbí.

Ní tèmi o, ibi mímọ ìwọ̀n ẹ̀rọ ni mo ti ń mọ ẹni tó pegedé nínú àwọn tó ń ṣe géèmù. Ìmọ̀wọ̀n ara ẹni ni ìlékè ọgbọ́n. Ẹ wo géèmù Doom, tí id Software gbé jáde lóṣù Kejìlá ọdún 1993 ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà 386 tó ní RAM 4MB ló lè gbé e. 4GB ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po 1,024! John Carmack, tó kọ ètò rẹ̀, ti pín inú ilé géèmù náà sí wẹ́wẹ́ ṣáájú, kí kọ̀ǹpútà má bàa máa fi agbára ṣòfò lórí ògiri tójú ò rí. Bí a gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ géèmù Cyberpunk 2077, tó jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2020 láti Poland. Wọ́n tà á fún PlayStation 4 àti Xbox One, ẹ̀rọ ọdún 2013, ó sì ń kú, ó ń jí lórí wọn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é tọrọ àforíjì. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony, tó ni PlayStation, yọ ọ́ kúrò nínú ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, oṣù Kẹfà ọdún 2021 ló tó padà síbẹ̀. Àwọn kan ń bú ẹ̀rọ náà pé ó ti gbó. Èmi kò bú u. Ẹni tó ra PlayStation kò ní dxdiag tó máa tẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ló jẹ̀bi.

A dín àwòrán GTA V kù dé 800 lọ́nà 600, a pa òjìji, a dín koríko kù. Ó yá díẹ̀ sí i, kò yá tó. Mo ní kó yọ ọ́, kó fi GTA San Andreas, tó jáde fún kọ̀ǹpútà lọ́dún 2005, sí i: RAM 256MB, káàdì 64MB, 3.6GB lórí hard disk. Ó fajú ro fún ọjọ́ kan. Ní báyìí ó ń sáré yí ìlú ká níbẹ̀, fáànù ò sì pariwo mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀ fún ọmọ, ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ géèmù tó fẹ́ àti ohun tí géèmù náà ń béèrè sínú ìwé. Bí ẹni tó ń tà á bá ní “á gbé e, á gbé e,” ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ tẹ dxdiag lójú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.