Ọtí, Ọkọ̀ àti Èèwọ̀ Ọbàtálá

Bí awakọ̀ tó ti yó bá pa èèyàn, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ọtí ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tètè dé orí bíréèkì, kò jókòó pète ikú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni kò tọ́. Ó ti ṣẹ̀ kí ó tó yó, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá, tó mọ̀ pé òun máa wakọ̀, tó sì gba ife.

Ìtàn Ọbàtálá ti dá ẹjọ́ yìí. Àwọn àgbà ní òrìṣà tí ń mọ ènìyàn mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì mọ àwọn kan ní arọ, abuké àti àfín. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, kò di ẹ̀bi ru ẹmu. Ó gba gbogbo wọn sábẹ́ ààbò rẹ̀, a sì ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà títí dòní. Lẹ́yìn náà ó sọ ẹmu di èèwọ̀ fún ara rẹ̀ àti àwọn olùsìn rẹ̀. Ẹ wo ibi tí èèwọ̀ náà bọ́ sí. Kò sọ pé bí òun bá ti yó, òun kò ní mọ ènìyàn. Ta ni í rántí irú ìlérí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọtí bá ti gun orí? Ife àkọ́kọ́ gan-an ló kà léèwọ̀.

Òfin ìjọba kò jìnnà sí èyí. Abala 29 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà kò gba ọtí ní àwáwí, àfi bí ẹlòmíràn bá fún èèyàn mu láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, tàbí bí ọtí bá sọ ọ́ di wèrè. Ní Ìlú Ọba, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni òpin ìyà ẹni tó mutí wakọ̀ pa èèyàn tẹ́lẹ̀. Láti 2022, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére.

Àwọn kan á ní ọjọ́ olóògbé ló pé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àyànmọ́ òkú kò ran awakọ̀ níṣẹ́. A kì í torí kádàrá tú olè sílẹ̀.

Àtakò kan wà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ méjì mu paraga kan náà ní gáréèjì kan náà. Ọ̀kan délé ó sùn, èkejì pa ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì. Ṣé ó tọ́ kí ẹ̀wọ̀n jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo? Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ wọn dọ́gba. Gbèsè wọn ni kò dọ́gba. Ẹni tó pa ọmọ jẹ òbí rẹ̀ ní ohun tí kò ṣeé san tán. Ẹni tó délé náà kò mọ́, nítorí náà bí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bá dá a dúró, tí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ èémí rẹ̀ wò, tí wọ́n sì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò fìyà jẹ aláìṣẹ̀. Ọ̀gá gáréèjì tó rí awakọ̀ tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sídìí ọkọ̀, tó sì gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, ní ìpín tirẹ̀ pẹ̀lú, láìyọ kúrò nínú ti awakọ̀, ó sì yẹ kí adájọ́ pe òun náà wá rojọ́.