Igún Ń Tán Lọ: Ọrùn Ta Ni Ẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀ Wà?

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, tí a jọ fi ilé sílẹ̀ wá ṣe àtìpó ní Abuja níbí,

Ọ̀rọ̀ igún ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti lé lógójì ọdún nínú wa, tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, yóò rántí bí igún ṣe máa ń to ara wọn sórí òrùlé níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Kubwa àti Nyanya kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dárúkọ igún fún àwọn ọmọ kéú mi, àwòdì ni wọ́n ń nàka sí.

Ní ọdún 2015, IUCN, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣírò àwọn ẹ̀dá tó ń tán lọ, kọ orúkọ igún kékeré tó ń gbé ààrin ìlú wa yìí sí ìpele tí ó kángun sí ìparun pátápátá. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde lórí oríṣi igún mẹ́jọ ní ilẹ̀ Áfíríkà: iye wọn ti wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 62 nínú 100. Nínú àwọn òkú igún tí wọ́n mọ ohun tó pa wọ́n, májèlé ló pa ìdá 61 nínú 100. Ìdá 29 jẹ́ èyí tí wọ́n pa fún òògùn ìbílẹ̀.

Ti májèlé náà ni pé ẹni tí ìkookò ń pa ẹran rẹ̀ jẹ yóò fi májèlé sí òkú ẹran, igún yóò sì bà lé e. Àwọn tó ń jí erin pa pẹ̀lú ń ṣe é, nítorí pé igún tó ń rábàbà lókè ń tú wọn fó fún aṣọ́gbó. Ní Guinea-Bissau, ní 2019 sí 2020, igún tí ó lé ní 2,000 ló kú báyìí, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn láìlórí. Orí yẹn ni ẹ jẹ́ kí a dúró lé.

Ta ló ń ra orí igún? Ẹ dé ìsọ̀ lékuléja ní ọjà wa nílé kí ẹ wò ó. Wọ́n ń rà á fún àwúre, wọ́n ń rà á kí ọjà lè tà, wọ́n ń rà á láti fi ríran. Mùsùlùmí wà nínú àwọn tó ń rà á. Ààfáà wà níbẹ̀, tí yóò kọ hantú tán, tí yóò sì ní kí oníbàárà lọ wá orí igún wá kún un. Ọlọ́jà lèmi náà, mo mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ọjà bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Àmọ́ Ànábì kọ̀ fún wa láti máa gbé oǹdè kọ́ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ni yóò ṣọ́ wa.

Ẹni tó rà á yóò ní, “Èmi kọ́ ni mo pa á, òkú ni mo bá a.” Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni n ó fi dá a lóhùn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè ọjà kan lọ́wọ́ mi fún ọdún kan, ṣé n ó tún lọ kó o wá? Ìbéèrè wa ló ń rán ọdẹ nígbó.

Ẹlòmíràn, tó kàwé díẹ̀, yóò ní Ànábì fún wa láyè láti pa ohun márùn-ún kódà nínú hárámì Mẹ́kà, àti pé àwòdì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú kannakánná, àkekèé, eku àti ajá dìgbòlugi. Igún kò sí níbẹ̀. Ìpalára ni wọ́n fi ka márààrún pọ̀, igún kì í sì í gbé òròmọdìẹ ẹnikẹ́ni. N kò gbé ẹjọ́ yìí ka jíjẹ rẹ̀ o, torí mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ Málíkì tí à ń tẹ̀ lé gba ẹyẹ jíjẹ láyè ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ wá wo Íńdíà. Àwọn tó ń sin màlúù níbẹ̀ ń fún un ní diclofenac, oògùn ara ríro tí àwa náà ń lò. Bí màlúù náà bá kú, tí igún jẹ ẹ́, kíndìnrín igún á bàjẹ́. Nínú 1,000 irú igún kan tó wà níbẹ̀ ní 1992, ẹyọ kan péré ló kù ní 2007. Òkú ẹran ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro ń rí jẹ, wọ́n ń pọ̀ sí i, dìgbòlugi sì ń bá wọn rìn. Ajá tí ó wà nínú márùn-ún yẹn gan-an ló jogún oúnjẹ igún. Ṣùgbọ́n àwọn ará Íńdíà kò mọ̀ pé àwọn ń pa á. Nígbà tí ìdí rẹ̀ hàn ní 2004, ìjọba wọn fòfin de oògùn náà fún ẹran ní 2006. Ẹni tó ń ra orí igún ńkọ́? Òun mọ̀.

Àwọn kan ní bí Ọlọ́hun bá fẹ́ kó kù, yóò kù. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìtì lálẹ́. Nínú Súrà Al-An‘ām, aáyà 38, Ọlọ́hun pe ẹyẹ ní ìjọ bíi tiwa. Ìjọ yìí kì í yé ju ẹyin kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe adìẹ tí a lè pa lónìí kí òmíràn dìde lọ́la.

Lẹ́yìn tí mo sọ èyí ní tafsírì, arákùnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní èyí tí ó ti wà lókè ilẹ̀kùn ìsọ̀ òun ńkọ́? Mo ní kó lọ sin ín. Ó ní, “Ààfáà, owó ńlá ni mo fi rà á o.” Mo bi í pé láti ọjọ́ tó ti gbé e kọ́, èló ni ọjà rẹ̀ fi lé sí i? Ó ní òun yóò lọ ṣírò rẹ̀ wá.