Sinimá Kérésìmesì àti Ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Ìlú Ọba. Òru ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Bí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní òwúrọ̀, kì í tètè sùn. Yóò fi aṣọ òtútù bora, yóò sì tan sinimá ìfẹ́ ti Kérésìmesì, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe fún tẹlifíṣọ̀n. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí. Ní ọdún tí ó kọjá, yẹ̀yẹ́ náà yí padà lé mi lórí, òun ni ó sì mú mi gbé kálámù, kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé lè jọ yẹ ọ̀ràn kan wò: ǹjẹ́ ó tọ̀nà kí ènìyàn máa wá ìtùnú nínú ìtàn tí òun tìkára rẹ̀ mọ̀ pé ayé kò rí bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí kò bá tíì wo irú rẹ̀ rí, báyìí ni ó ṣe máa ń lọ. Ọmọbìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá. Iṣẹ́ ti gbà á lọ́kàn, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò sì gbójú kúrò lára fóònù. Ọ̀ràn kan gbé e lọ sí ìlú kékeré nígbà Kérésìmesì, bóyá láti ta ilé bàbá rẹ̀ àgbà. Níbẹ̀ ni yóò ti pàdé ọkùnrin kan tí ń gé igi Kérésìmesì tà, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ó fi ọmọ kan sílẹ̀ fún un. Wọn yóò kọ́kọ́ jà. Wọn yóò jọ yan bisikíìtì. Ní ìdajì ìtàn, ètè wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ẹnìkan yóò sì já wọlé. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó parí, èdè-àìyedè kan yóò ṣẹlẹ̀, èyí tí gbólóhùn kan ṣoṣo ìbá ti yanjú; lẹ́yìn náà yìnyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí bọ́, wọn yóò fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, ó tán.

Ilé-iṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú òwò yìí ni Hallmark, ti ìlú Kansas City. Láti 1910 ni ìdílé náà ti ń ta káàdì. Ní 2001 ni tẹlifíṣọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ orúkọ náà, láti 2009 ni wọ́n sì ti ń ya ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sọ́tọ̀ ní ìparí ọdún fún sinimá Kérésìmesì nìkan. Ní 2019, sinimá tuntun bí 40 ni wọ́n gbé jáde. Kì í sábà ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n fi ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, Kánádà ni wọ́n sì ti ń ya púpọ̀ nínú wọn, nígbà mìíràn ní ìgbà ooru, tí àwọn òṣèré ń làágùn nínú ẹ̀wù òtútù lórí yìnyín àtọwọ́dá. Ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé ti káàdì yẹn. Ta ni ó ń ra káàdì ìkíni nítorí kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè yà á lẹ́nu?

Ẹ̀sùn tí gbogbo ènìyàn fi ń kàn wọ́n, tí èmi náà fi kàn wọ́n, ni pé bátànì kan náà ni wọ́n fi gé gbogbo wọn. Mo ti kó ẹ̀sùn yẹn kúrò nílẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni ó lè dúró ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ìyá wa àgbà bá pa àlọ́ Ìjàpá, ta ni nínú wa ni kò mọ̀ pé ọ̀kánjúà ni yóò ṣe? Bí ó bá fi ibì kan fò, àwa ọmọdé ni a ó kígbe lé e lórí. Bí ó bá sì parí, yóò fi agogo ẹnu rẹ̀ búra pé òun kò purọ́, kò sì sí ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́ nítorí ìjàpá tí ń sọ̀rọ̀. Àdéhùn ti wà láàárín apàlọ́ àti agbálọ̀ọ́. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ní pẹ̀lú sinimá rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń yẹ ibùsùn wò láti alẹ́, tí kò mọ ẹni tí ilẹ̀ kò ní mọ́ bá, bí ó bá délé tí ó fẹ́ wo ohun tí ó ti mọ òpin rẹ̀, kí ni mo fẹ́ bá a wí sí? Ó sọ fún mi ní ọjọ́ kan pé, “Mo mọ̀ pé wọn yóò fẹ́ra. Ìdí rẹ̀ tí mo fi ń wò ó nìyẹn.”

Ní oṣù Kejìlá 2017, ilé-iṣẹ́ Netflix kéde ní gbangba pé ènìyàn 53 ti wo sinimá wọn, A Christmas Prince, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 18, wọ́n sì bi àwọn ènìyàn náà léèrè ẹni tí ó ṣe wọ́n léṣe. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kọ ni ó ń fi oníbàárà tí ń ra ẹ̀kọ rẹ̀ lójoojúmọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn.

Àléébù àwọn sinimá náà wà, kì í sì í ṣe ti pé fún ọ̀pọ̀ ọdún aláwọ̀ funfun ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo olólùfẹ́ inú wọn nìkan. Nínú àlọ́, Ìjàpá a máa jìyà. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú sinimá Kérésìmesì, kò sí ẹni tí ń san nǹkan kan. Ọmọbìnrin náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó kò sì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sílé, ilé kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé kí ó wá so iná mọ́ igi. Nígbà tí Kúnlé Afọláyan ṣe tiwa, A Naija Christmas, ní 2021, ìyá tí Rachel Oniga ṣe níbẹ̀ ṣèlérí ilé rẹ̀ fún èyí tí ó bá kọ́kọ́ gbéyàwó nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rín àti ayọ̀ ni tirẹ̀ náà fi parí, ṣùgbọ́n ilé tí ó wà níbẹ̀ ní ẹnu, ó ń béèrè.

Ní oṣù Kejìlá tí ó kọjá, mo wo ọ̀kan nínú àwọn ti òyìnbó, kí n lè rí ohun tí n ó fi ṣe ẹ̀gbọ́n mi ní yẹ̀yẹ́. Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i pé ọmọbìnrin yẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sílé? Kérésìmesì kẹfà rèé tí Màmá ń bu oúnjẹ yín sílẹ̀. Kí ni ẹ ṣì ń wá níbẹ̀ yẹn?”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Nínú sinimá tí o wò yẹn, ta ni ó ń san owó ilé-ìwé àbúrò ọmọbìnrin náà?”

N kò rí èsì fọ̀. Òun ni ó ń san tèmi, láti ọdún kìn-ín-ní tí mo ti wọ yunifásítì. Ọdún mẹ́ta ni mo fi pè é ní ẹni tí sinimá ń tàn jẹ. Òun ń wò ó, ó sì ń pa á. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí èmi wò ó, mo gbà á gbọ́, mo sì fi ilé tí kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni di ìwọ̀n tí mo fi wọn ẹ̀gbọ́n mi. Èmi tí wọ́n ní mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè! Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí bóyá ìtùnú bẹ́ẹ̀ tọ̀nà, n ó ní ó tọ̀nà fún ẹni tí ó mọ iye tí ó ń san níta. Ẹni tí ẹlòmíràn ń san án fún ni kí ó ṣọ́ra.

Ní ọdún yìí, bí oṣù kẹwàá ti ń parí, mo bi í léèrè èyí tí ó ń wò. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Iná wà ní yàrá wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo sì tan tèmi náà, a fi fóònù sétí a jọ ń wò ó. Ètè àwọn méjèèjì ń súnmọ́ra, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ó yá, ta ni yóò wọlé?” Mo ní ọmọ náà ni. Òun ní rárá, ìyá àgbà ni. Ajá ni ó wọlé.