Síkírì Kò Dúró De Ibi Ìdákẹ́rọ́rọ́



Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ síkírì a máa wí pé: "Àfáà, ariwo ọjà Mile 1 ti pọ̀ jù, ọkàn mi ò dúró. Ó di ìgbà tí mo bá padà sílé." Kò rí bẹ́ẹ̀. Súúrà Aal-Imran, áyà 191, yin àwọn tó ń rántí Ọlọ́hun lórí ìdúró, lórí ìjókòó àti lórí ìdùbúlẹ̀, tí wọ́n sì ń ronú sí ìṣẹ̀dá sánmà àti ilẹ̀. Kò ní kí ọkàn ṣófo. Bí ọkàn bá sá lọ sórí gbèsè, ẹ rọra pè é padà. Iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ìrun, Subhaanallaahi 33, Alhamdulillaahi 33, Allaahu Akbar 33, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ta ló mọ̀ bóyá òun yóò délé kí ikú tó dé? Kí Ọlọ́hun fi ìrántí Rẹ̀ sí wa lẹ́nu. Àmín.