Aládùúgbò Mélòó Ni Ó Tó Ènìyàn?

Ẹni tí ó bá dúró ní Ùgbè Àkókó, tí ó gbé ojú sókè wo àwọn àpáta ilẹ̀ wa, yóò rántí pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn Tápà ń kó ènìyàn lẹ́rú, orí òkè wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú àwọn baba wa sá sí ní ìletò kéékèèké. Òkè gbà wọ́n là, ṣùgbọ́n ìletò kékeré kò lè dá ogun ńlá dúró. Nígbà tí àlàáfíà dé, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Èwo ni ó sàn nígbà náà: kí àdúgbò kéré kí a lè mọ ara wa ni, tàbí kí ó tóbi kí a lè ní agbára?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àgbàdo léèrè. Àgbàdo kan ṣoṣo tí ó dá hù ní ẹ̀yìnkùlé, hóró rẹ̀ kì í sábà kún, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti orí ọ̀kan sórí irùn èkejì. Ṣùgbọ́n bí a bá gbìn wọ́n há mọ́ra, wọn a máa du oòrùn, omi àti ọ̀rá ilẹ̀, ọmọ wọn a sì kéré. Àdádó kò dára, àpọ̀jù kò sì dára.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí láàrin ènìyàn. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ àáró, wọ́n sì mọ ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, ènìyàn díẹ̀ ni ó ń ro oko ara wọn ní ìpín-ìpín. Ẹni tí kò bá wá, ọjọ́ náà gan-an ni a ó mọ̀. Nínú ọ̀wẹ̀, èrò pọ̀, oúnjẹ pọ̀, ọ̀lẹ sì lè fi ara pamọ́ sí àárín èrò. Ohun tí Mancur Olson, ará Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 1965 nìyí: bí ẹgbẹ́ bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù ń rò pé ẹlòmíràn yóò ṣe é. Ní ọdún 2006, Martin Nowak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò hàn pé bí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá ní aládùúgbò 4, èrè ìrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 4 ìnáwó rẹ̀ lọ kí ìwà ìrànlọ́wọ́ tó lè gbilẹ̀.

Ṣé kí a máa wà ní kékeré títí ni? Rárá o. Àáró kò lè la ọ̀nà láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ àyà. Elinor Ostrom, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009, wo àwọn tí ó jọ ni igbó, omi àti ẹja. Ó rí i pé àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ó pẹ́ ni èyí tí a fi ẹgbẹ́ kékeré kọ́. Ìmọ̀ràn kan náà ni Jẹ́tírò fún Mósè, àna rẹ̀: kí a pín ènìyàn sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí dé mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin olùkọ́, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè pé: Bí n kò bá wá lọ́la, ta ni yóò mọ̀? Bí kò bá sí ẹnìkan, àdúgbò wa ti tóbi jù. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn tí ó mọ̀ wá nìkan ni a ń ràn lọ́wọ́, ó ti kéré jù.